Ọgbọ̀n Ọdún Tí Mo Fi Gún Ajá Lábẹ́rẹ́ ní Libreville

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí aráyé yóò torí rẹ̀ máa dìde fún yín níbi ìnáwó, ẹ má wulẹ̀ ka tèmi yìí dé ìsàlẹ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi gún ajá lábẹ́rẹ́ ní Libreville, ní ilẹ̀ Gabon, mi ò sì rántí ọjọ́ kan tí ọmọ ìlú mi kan pè mí ní dókítà. Jímọ̀ Alájá ni wọ́n ń pè mí. Obìnrin tí wọ́n bá mi wá sílé láti fẹ́, nígbà tó gbọ́ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ó ní òun ò ní bá ajá du ọkọ. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi, àmọ́ ẹ̀rín yẹn ò pẹ́ lẹ́nu mi.

Síbẹ̀, iṣẹ́ gidi ni. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, màá sọ bó ṣe rí fún un, títí kan ibi tí mi ò sọ létí ẹnikẹ́ni rí.

Ṣakí ni wọ́n ti bí mi. Bàbá mi ti ṣe ọdẹ kó tó di mùsùlùmí, nítorí náà ajá ò bà mí lẹ́rù. Aṣọ ni mo ní mo fẹ́ wá tà ní Gabon. Lọ́jọ́ kan, mo ń kọjá níwájú ilé ìwòsàn ẹranko kan ní Glass, àdúgbò àwọn oníṣòwò létí òkun, ni ajá ńlá kan bá já ìjánu. Gbogbo èèyàn sá. Èmi dúró, mo dì í mú lọ́rùn. Òyìnbó Faransé tó ni ilé ìwòsàn náà gbà mí síṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó tán.

Òyìnbó ló gbà mí, ṣùgbọ́n Tọ́ntọ́n Pọ́ọ̀lù ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọmọ Nàgó ni, ará Kétu ní ilẹ̀ Benin, onígbàgbọ́ tí kì í pa ọjọ́ Sunday jẹ. Tọ́ntọ́n ni wọ́n ń pe àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni níbẹ̀, gbogbo wa la sì ń pè é bẹ́ẹ̀, àti òyìnbó pàápàá. Ó ga, ó gbẹ, ó máa ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ títí yóò fi dúró fúnra rẹ̀. Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó jẹ́ kí n fi ọwọ́ kan abẹ́rẹ́ níwájú ajá. Ilé ajá ni mò ń fọ̀, abẹ́rẹ́ ni mò ń sè.

Ẹ̀yin tí ẹ bá abẹ́rẹ́ àlòsọnù láyé, ẹ ò mọ irú ìgbádùn tí ẹ ń jẹ. Gíláàsì ni sìríńjì tiwa. Mo ń sè é lórí iná láràárọ̀, mo ń pọ́n ẹnu abẹ́rẹ́ lórí òkúta pẹlẹbẹ, mo sì ń fà á kọjá lórí òwú. Bí òwú bá há sí i lẹ́nu, kò tíì jọ̀lọ̀ nìyẹn. Tọ́ntọ́n á dúró lẹ́yìn mi.

“Jímọ̀, ṣé o lè gún eléyìí sí itan ara rẹ?”

“Rárá, Tọ́ntọ́n.”

“Ó yá, tún un pọ́n.”

Fíríìjì tí à ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí, epo kẹrosíìnì ló ń lò nígbà náà. Mo gbàgbé láti bu epo sí i lọ́jọ́ Sátidé kan, iná rẹ̀ kú, gbogbo oògùn inú rẹ̀ sì gbóná. Ojú mi báyìí ni Tọ́ntọ́n ṣe fọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan sínú garawa. Lẹ́yìn náà ó ní kí n máa lọ láti ilé dé ilé, kí n sọ fún olúkúlùkù olówó ajá pé èmi Jímọ̀ ni mi ò bu epo, òun ni ajá wọn ò ṣe rí abẹ́rẹ́ gbà lọ́sẹ̀ yẹn. Ilé mẹ́tàdínlógún ni. Mo sunkún ní ojú ọ̀nà, mi ò purọ́.

Àrùn tí à ń bá jà jù lọ ni èyí tí àwọn òyìnbó ní orúkọ gígùn fún, tí àwa gé kúrú sí lẹ́pítò. Kòkòrò àìfojúrí ni, inú ìtọ̀ eku ló sì ń gbé. Eku á tọ̀ sí omi àgbàrá, ajá á lá a tàbí kó fẹsẹ̀ gbà á kọjá, kòkòrò á wọ kíndìnrín ajá. Láti ìgbà náà, ìtọ̀ ajá fúnra rẹ̀ ti di ewu fún ẹni tó ń fọ ilé rẹ̀. Ojú ọgbẹ́ ló ń gbà wọlé, tàbí awọ ẹsẹ̀ tí omi ti rin. Bí ibà lásán ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ lára èèyàn. Bí kò bá rí oògùn tó yẹ lásìkò, ojú á pọ́n, ìtọ̀ á dáwọ́ dúró. Abẹ́rẹ́ méjì la fi ń dènà rẹ̀ lára ajá: àkọ́kọ́ kàn ń ta ara rẹ̀ jí ni, èkejì, lẹ́yìn oṣù kan, ló ń fún un lágbára. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ẹni tó bá dáàbò bo ajá, ó ti dáàbò bo ẹni tó ni ín.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìmọ̀ tí mo gbé wá láti ilé pa ara mi. Wọ́n ti kọ́ wa ní ilé kéwú pé itọ́ ajá ń ba ìwẹ̀nùmọ́ jẹ́. Bí ajá bá lá mi báyìí, mo ti sáré lọ fọ ọwọ́ nígbà méje, mo fi iyẹ̀pẹ̀ ha á. Lẹ́yìn náà mo ká ṣòkòtò sókè, mo wọ inú omi ìtọ̀ ajá láti fọ ilé rẹ̀, láìwọ bàtà, pẹ̀lú ọgbẹ́ lẹ́sẹ̀. Tọ́ntọ́n bá mi níbẹ̀, ó sì fi etí mi fà mí jáde bí ọmọdé.

“Ẹnu rẹ̀ lò ń sá fún! Ìtọ̀ ni yóò pa ọ́, Jímọ̀, ìtọ̀!”

Ó ra bàtà róbà tó ga dé orúnkún fún mi. Láti ọjọ́ náà, mi ò wọ ilé ajá láìwọ̀ ọ́ mọ́.

Òfin kan wà tó kà sí ju gbogbo ìyókù lọ. Ìgò oògùn kọ̀ọ̀kan ní bébà kékeré kan lára, tí à ń ṣí kúrò tí à ń lẹ̀ mọ́ káàdì ajá, kí ẹni tó bá wò ó lè mọ̀ pé ó ti gbà á. Tọ́ntọ́n ò gbọdọ̀ rí i kí ẹnikẹ́ni lẹ bébà náà mọ́ káàdì kí abẹ́rẹ́ tó kúrò lára ajá. Ó ní ajá ò lè sọ̀rọ̀, ohun tó bá wà nínú káàdì ni àwọn dókítà yóò gbàgbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn èèyàn wa. Àwọn mùsùlùmí ará ilé wa ní àdúgbò kan tí wọ́n ti ń péjọ jẹun lọ́jọ́ Jímọ̀, abọ́ ńlá kan láàárín, ọwọ́ mẹ́jọ mẹ́wàá nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n mọ iṣẹ́ mi, abọ́ tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́tọ̀. Kò sí ẹni tó bú mi. Wọ́n á bu tèmi sí àwo kékeré, wọ́n á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n á ní, “Jímọ̀, oúnjẹ rẹ rèé o.” Bí mo bá na ọwọ́ kí ẹnìkan, yóò fi ọwọ́ rẹ̀ kan àyà, yóò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, mi ò lọ mọ́. Mò ń se oúnjẹ fúnra mi, mò ń dá a jẹ, mo sì máa ń tan rédíò kí ohùn èèyàn lè wà nínú yàrá. Ó dùn mí gan-an. Èèyàn lè wà láàárín ìlú tó kún fọ́fọ́, kí ó má sì rí ẹni fi ọwọ́ kàn.

Làmídì nìkan ló ń bá mi jẹun. Ará Ṣakí bíi tèmi ni, olùṣọ́ ní ilé òyìnbó elépo kan ní Glass, tó ní ajá tí wọ́n ń pè ní Tángò. Á wá sọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án Sunday pẹ̀lú gbàgúdá tí wọ́n dì sínú ewé àti ẹja yíyan, á ti ọwọ́ bọ abọ́ mi kí n tó sọ pé bisimilá. Bí mo bá ní kó jẹ́ kí n lọ fọ ọwọ́ sí i, á ní, “Jókòó jàre, ọwọ́ rẹ mọ́ ju ẹnu àwọn tó ń sọ̀rọ̀ rẹ lọ.” Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ọmọ ìyá mi lọ.

Ìgbà náà ni owó epo rọ̀bì ya wọ Libreville. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń yọ níbi tí a ti ń ká máńgòrò lánàá, kòtò ilé tuntun kún fún omi òjò, eku ń ṣe bó ṣe wù ú. Òyìnbó elépo ń dé, olúkúlùkù sì ń fẹ́ ajá tí yóò máa ṣọ́ ilé. A ò ráyè jẹun. Mo ti ń gún abẹ́rẹ́ fúnra mi nígbà náà, mò ń gbé fúláàsì oníyìnyín kiri láti ilé dé ilé.

Nígbà tí Iléyá ọdún kan ń bọ̀, Làmídì lọ bẹ Bàbá Àfáà, àgbà àwọn ará ilé wa, nítorí mi. Ó sáré wá sọ fún mi.

“Bàbá ní bí o ò bá ti fọwọ́ kan ajá láti ìdájí ọjọ́ náà, kí o wá. Abọ́ kan náà la ó jọ jẹ, Jímọ̀!”

Ọjọ́ Iléyá náà gan-an ni Tángò yẹ kó gba abẹ́rẹ́ kejì. Tọ́ntọ́n ní kí n tètè lọ gún un kí n tó lọ kírun. Mi ò fẹ́ padà sí ilé ìwòsàn, níbi tí káàdì ń gbé, lẹ́yìn ìrun, nítorí náà mo ṣe ohun tí wọ́n ní a ò gbọdọ̀ ṣe: mo ṣí bébà ara ìgò, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì Tángò, mo sì gbé fúláàsì jáde. Làmídì ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ọ̀gá rẹ̀, ó wọ agbádá funfun.

“Ibo lò ń gbé ìyẹn lọ? Ṣé o fẹ́ kí ìyà tí mo jẹ lẹ́nu Àfáà já sí asán ni?”

“Òní ló yẹ kó gbà á.”

“Tángò ò ní sá lọ. Gún un lọ́la. Wá, jẹ́ ká lọ.”

Mo wo ajá náà, mo wo ọ̀nà. Mo bá a lọ.

Ẹ ò lè mọ bí oúnjẹ ọjọ́ náà ṣe dùn tó. Wọ́n sún fún mi. Ọwọ́ mi wà láàárín ọwọ́ àwọn yòókù, ẹnìkan ti ẹran síwájú mi, Bàbá Àfáà fúnra rẹ̀ ní, “Jẹun dáadáa, ọmọ mi.” Bí mo ṣe ń jẹ ni omijé ń bọ́ lójú mi, mo ní ata ni.

Ní ọjọ́ kejì, yìnyín inú fúláàsì ti yọ́, oògùn ti bàjẹ́. Mo dà á sórí yanrìn. Kí n tó lè gba òmíràn, mo ní láti sọ fún Tọ́ntọ́n pé bébà tó wà lára káàdì yẹn, irọ́ ni. Ojú ń tì mí. Mo ní màá sọ ọ́ lọ́la. Ọ̀la di ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ di oṣù. Tángò ń fò, ó ń gbó, ara rẹ̀ ń dán. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara mi sọ pé kò sí nǹkan kan.

Òjò ńlá wá rọ̀. Àgbàrá kọjá láti inú kòtò ilé tuntun kan wọ ibi tí Tángò ń sùn. Ọ̀gá wọn ti lọ sí ìsinmi ní Faransé, Làmídì nìkan ló wà pẹ̀lú ajá. Mi ò gbọ́ nǹkan kan títí di Sunday kan tí kò wá jẹun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sí yàrá rẹ̀ lẹ́yìn ilé ọ̀gá rẹ̀, mo bá a lórí ẹní.

“Ibà ni,” ló ní. “Mo ti mu àgbo. Ṣùgbọ́n iṣan ẹsẹ̀ ń dùn mí débi pé mi ò lè dìde.”

Mo wo ojú rẹ̀, ó ti ń pọ́n.

“Làmídì, Tángò ńkọ́?”

“Kò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta nígbà òjò yẹn. Ó ti gbádùn. Èmi ni mò ń fọ ibi tó ń sùn.”

“Ṣé o wọ bàtà?”

“Bàtà kẹ̀? Mi ò jẹ́ kó lá mi. Mo fọ ọwọ́ mi nígbà méje.”

Ìtọ̀ tí mo mọ̀ pé ewu ni, tí wọ́n fi etí fà mí jáde kúrò nínú rẹ̀, mi ò kìlọ̀ fún un rí. Mo wá takisí, mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà ibẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó béèrè iṣẹ́ tí Làmídì ń ṣe, ó béèrè ajá, ó béèrè eku. Nígbà tó gbọ́ ibi tí Tángò ti ń gba ìtọ́jú, ó fi tẹlifóònù pe ilé ìwòsàn wa. Tọ́ntọ́n ló gbé e, ó sì ka káàdì fún un. Dókítà padà wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Wọ́n ní ajá náà ti gba abẹ́rẹ́ méjèèjì. Ìwọ ló gún un, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, dókítà.”

“Ó dára. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ ajá ló ti kó o nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká tọ́jú ibà rẹ̀.”

Ó lọ. Mo jókòó sí bẹ́ǹṣì, mo ń wo ẹsẹ̀ mi. Mo ń rò ó pé bí mo bá sọ òótọ́, iṣẹ́ mi ti lọ, Tọ́ntọ́n ò ní fẹ́ rí mi mọ́, àwọn ará ilé yóò gbọ́. Mo tún ń rò ó pé ó lè jẹ́ ibà lóòótọ́. Odindi ọjọ́ kan àti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo fi rò ó, tí mò ń nu ojú rẹ̀, tí mò ń fún un lómi. Àwọn ará ilé ń wá kí i, wọ́n ń sọ pé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni, wọ́n ń yìn mí pé mi ò kúrò níbẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì náà, nọ́ọ̀sì gbé ike ìtọ̀ wò, ó ní kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ láti àná.

Mo sáré jáde. Mo bá Tọ́ntọ́n níbi tó ti ń nu tábìlì.

“Tọ́ntọ́n, mi ò gún Tángò. Mo lẹ bébà, mi ò gún un.”

Kò bú mi. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó fi gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn. Òun ló sọ fún dókítà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún Làmídì ní penisílíìnì láàárín wákàtí yẹn. Ó kú lọ́jọ́ kejì kí oòrùn tó kan àtàrí. Dókítà ní òun ò lè sọ bóyá ìbá yè bó bá rí oògùn náà gbà ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó sọ ọ́ kí ọkàn mi lè fúyẹ́. Kò fúyẹ́ títí di òní.

A sin ín lọ́jọ́ yẹn. Nígbà àdúrà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n gbé abọ́ ńlá sílẹ̀. Bàbá Àfáà dìde fúnra rẹ̀, ó dì mí lọ́wọ́ mú níwájú gbogbo èèyàn.

“Ọmọ yìí ò fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Láti òní, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀.”

Wọ́n sún fún mi. Mo wà lórí ìdúró, mi ò jókòó. Mo ní inú ń run mí, mo sì jáde. Wọ́n pè mí títí fún ọdún púpọ̀. Mi ò tún bá wọn jẹun mọ́ láti ọjọ́ náà, wọ́n sì rò pé ọ̀fọ̀ Làmídì ni kò tíì tán lára mi.

Tọ́ntọ́n ò lé mi. Ó ní bí òun bá lé mi, ibòmíràn ni màá ti lọ purọ́, kí n dúró síbí kí n ṣe é bó ṣe yẹ. A jọ padà lọ gún Tángò, òun ló di ajá mú. Kò sọ fún àwọn ará ilé. Ṣùgbọ́n kò pè mí ní Jímọ̀ mọ́. “Mésíọ̀”, bí wọ́n ṣe ń pe ọkùnrin tí wọn ò mọ̀ rí lédè Faransé, ló ń pè mí, títí ó fi fẹ̀yìn tì tó padà sí Kétu, bíi pé ọjọ́ yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ mọra.

Ìyókù jẹ́ iṣẹ́. Abẹ́rẹ́ àlòsọnù dé, mo gbé òkúta pẹlẹbẹ jù nù. Fíríìjì oníná mànàmáná rọ́pò ti kẹrosíìnì. Oògùn tí ń dènà ẹ̀yà méjì àrùn náà tẹ́lẹ̀ di èyí tí ń dènà mẹ́rin. Mo gún ajá ọlọ́kọ̀ akẹ́rù ní Ntoum, mo gún ajá ní Angondjé tí mo mọ̀ ní igbó kó tó di ilé lórí ilé. Nígbà tí owó epo fà sẹ́yìn tí àwọn òyìnbó kó ẹrù wọn, ọ̀pọ̀ ajá wọn di ajá ìgboro, àwọn náà ni mo tún lé kiri. Káàdì di kọ̀ǹpútà. Àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ń sọ pé mo le jù, nítorí mo máa ń fi ìka mi wá ibi tí abẹ́rẹ́ ti wọlé lára ajá, kí n tó jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n gbọdọ̀ sọ fún olùṣọ́ ilé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú, kí ó wọ bàtà. Ó wù mí kí wọ́n máa bínú sí mi báyìí.

Ẹ ṣe iṣẹ́ náà bó bá wù yín. Mi ò tíì rí iṣẹ́ mìíràn tí èèyàn fi ń gba ẹ̀mí là tó bẹ́ẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀.

Ohun kan ló kù. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ikú Làmídì, ẹnìkan tó ti Ṣakí dé fún mi ní kásẹ́ẹ̀tì. Ìyàwó Làmídì, Ìyá Rìsì, ló gba ohùn rẹ̀ sí i. Ó ní òun kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé èmi ni mo gbé ọkọ òun lọ sí ilé ìwòsàn, pé èmi ni mo jókòó tì í, pé mi ò sùn. Ó ṣàdúrà fún mi títí kásẹ́ẹ̀tì fi dópin. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, mi ò sì fèsì.

Ìyá Rìsì, bí èyí bá bá yín láyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ọpẹ́ yín padà. Dókítà bi mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé ṣé mo gún ajá náà, nígbà tí ọkọ yín ṣì ń sọ̀rọ̀, tó ṣì ń bi mí bóyá Tángò ti jẹun. “Bẹ́ẹ̀ ni” ni mo sọ.